Bí ẹ ṣe lè fi ilẹ̀ àjọni sí orúkọ ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ Òkun, ìpínlẹ̀ Kogi, kí ìrànwọ́ tó dé

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé.

Ìbéèrè kan wà tí kì í jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Ẹgbẹ́ obìnrin ní Yàgbà, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní Búnú, àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó tí wọ́n fẹ́ kọ́ nǹkan sílé, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Àjọ kan fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, wọ́n ní ká mú ìwé ilẹ̀ wá. Ilẹ̀ wà, ìwé ni kò sí. Kí la ó ṣe?"

Mo kọ èyí kí ẹ lè tẹ̀lé e ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mú ohun kan ṣoṣo níbẹ̀, ẹ mú èyí: ẹ fi ilẹ̀ náà sí orúkọ ẹgbẹ́ nígbà tí ara ẹni tó fún yín ṣì le, tó ṣì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ má dúró de owó.

Lábúlé wa lápá Ìjùmú, bàbá àgbà kan fún àwọn obìnrin ní ilẹ̀ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gàrí sí. Obì ni wọ́n fi gbà á, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n mu ẹmu, ó parí síbẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, ọmọ rẹ̀ dé láti ìgboro, ó sì fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn. Mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti lọ̀ lánàá wà nínú àpò lábẹ́ òkúta, omi rẹ̀ ń kán tótó, òórùn kíkan rẹ̀ ti gba gbogbo àgbàlá. Àwọn obìnrin jókòó níta lórí ọpọ́n tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Ènìyàn burúkú kọ́ ni ọmọ yẹn. Kò sí nílé nígbà tí wọ́n pa obì, kò sì rí ìwé kankan tó lè ṣàlàyé fún un. Ọdún méjì gbáko ló gbà kí ilẹ̀kùn yẹn tó ṣí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tó jẹ́

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ bi ara yín léèrè: ta ló lágbára láti fún wa nílẹ̀ yìí?

- *Ilẹ̀ ẹbí.* Èyí ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Olórí ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àwọn àgbà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ ti yanjú rẹ̀ tipẹ́: bí wọ́n bá gbé ilẹ̀ ẹbí sílẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá dá a ṣe láìsí àwọn àgbà ẹ̀ka, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́ kí wọ́n fagi lé e.
- *Ilẹ̀ ìlú.* Ojú ọjà, pápá, igbó tí gbogbo ìlú jọ ń lò. Ọba tàbí olú ìlú pẹ̀lú àwọn ìjòyè ló ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan nínú yàrá.
- *Ilẹ̀ àyálò.* Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò lè fi ilẹ̀ náà tọrẹ fún ẹgbẹ́, bó ti wù kó pẹ́ níbẹ̀ tó. Ọ̀dọ̀ onílẹ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì mú ẹni tó ń dáko níbẹ̀ dání, nítorí kajú àti ọ̀pẹ tó gbìn jẹ́ tirẹ̀.

Ní ti ìjọba, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà. Àmọ́ fún ilẹ̀ tí kò sí nínú ìgboro, ìjọba ìbílẹ̀ ló lè fúnni ní ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ ti ìbílẹ̀. Fún oko, agbára wọn kò kọjá 500 hẹ́kítà fún ẹni kan àyàfi tí gómìnà bá fọwọ́ sí i. Éékà méjì tàbí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń wá, nítorí náà ìjọba ìbílẹ̀ yín ni ẹnu ọ̀nà: Kábà fún Kábà-Búnú, Ìyàrá fún Ìjùmú, Mọ́pà fún Mọ́pà-Amùró, Ìsánlú fún Yàgbà Ìlà-Oòrùn, Odò-Ẹrẹ̀ fún Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn. Bí ilẹ̀ náà bá bọ́ sí ibi tí ìjọba ti kéde pé ó jẹ́ ìgboro, Lọ́kọ́ja lẹ ó lọ.

Ìgbésẹ̀ méje

1. Ẹ ṣe ìpàdé, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá sọ sílẹ̀.
Ẹ pe olórí ẹbí, àwọn àgbà ẹ̀ka, àwọn tí oko wọn bá tiyín pààlà, àwọn ọ̀dọ́, àti àwọn obìnrin. Nígbà tí mo bá sọ pé obìnrin, mo ń sọ ti ìyàwó ilé àti ti ọmọ obìnrin ilé tó ti lọ sílé ọkọ. Ọmọ obìnrin tí ẹ kò pè lónìí ni yóò dé pẹ̀lú lọ́yà lọ́la, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ẹni tó wà lókè òkun, ẹ pè é lórí fóònù lójú gbogbo ènìyàn, kí akọ̀wé kọ ọ́ pé ó sọ̀rọ̀ àti ohun tó sọ. Kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ìpàdé náà kí wọ́n tó dìde. Ẹ má sọ pé ẹ ó fọwọ́ sí i tó bá di ọ̀la.

2. Ẹ rin ààlà ilẹ̀ náà.
Ẹ lọ ní ìdájí, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti gbẹ. Ẹ mú àwọn ìyá àgbà lọ. Nígbà tí a rin ààlà tiwa, àwọn ọkùnrin ti jà tán lórí igun kan, wọ́n ní pèrègún tó wà níbẹ̀ ti kú. Ìyá kan kò bá wọn jà. Ó fi ẹsẹ̀ wọ́ ewé gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kùkùté pèrègún náà hàn, ọ̀mùnú tuntun méjì ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ló ń gba ibẹ̀ lọ pọnmi láti ọmọdé.

Ní igun kọ̀ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú ẹni tó ni ilẹ̀ òdìkejì, kí òun náà wà nínú fọ́tò. Lórí Google Maps, ẹ tẹ ojú ibi tí ẹ dúró sí mọ́lẹ̀ díẹ̀, nọ́ńbà méjì á yọ. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Nọ́ńbà tí fóònù bá fún yín kò lè dípò iṣẹ́ awọnlẹ̀, àmọ́ ó máa ń dín àríyànjiyàn kù nígbà tí awọnlẹ̀ bá dé. Ní ọjọ́ kan náà, ẹ ka igi tó wà níbẹ̀: kajú mélòó, ọ̀pẹ mélòó, igi irú mélòó. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

3. Ẹ wádìí bóyá ẹlòmíràn ti wà lórí rẹ̀.
Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àti ní Lọ́kọ́ja bóyá wọ́n ti fún ẹnikẹ́ni níwèé lórí ibẹ̀, bóyá ìjọba ti gbà á, bóyá igbó ọba ni. Ẹ tún bi ilé ẹjọ́ tó sún mọ́ yín bóyá ẹjọ́ kankan wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fo ìgbésẹ̀ yìí nítorí owó ọkọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fò ó.

4. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin.
Kí èyí ṣáájú ìwé ìtọrẹ. Ẹgbẹ́ tí òfin kò mọ̀ kò lè ní ilẹ̀. Orúkọ alága ni wọn yóò kọ, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti to àwọn irú ẹgbẹ́ tó wà sí ìsàlẹ̀.

5. Ẹ ṣe ìwé ìtọrẹ tàbí ìwé àyálò.
Ẹ lo lọ́yà. Bí ẹbí kò bá fẹ́ fún yín pátápátá, ẹ má fi ipá mú wọn; ìwé àyálò ọdún gígùn tún dára, ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ sì ń gbà á bí ọdún tó kù bá pọ̀ ju ọjọ́ orí ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kí ìwé náà sọ nǹkan wọ̀nyí:

- orúkọ ẹbí, orúkọ olórí ẹbí àti ti àwọn àgbà ẹ̀ka tó fọwọ́ sí i;
- orúkọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, láìyí lẹ́tà kan padà;
- ohun tí ilẹ̀ wà fún, àti pé wọn kò gbọdọ̀ tà á;
- ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ bí ẹgbẹ́ bá túká: ọ̀dọ̀ ta ni yóò padà sí;
- ọ̀nà tí ẹbí ń gbà kọjá lọ sí odò tàbí sí ibojì bàbá wọn, bí ó bá wà.

Fún ẹni tí kò mọ̀wé, kí wọ́n ka ìwé náà sétí rẹ̀ ní èdè abúlé rẹ̀ (Ìyàgbà, Òwé, Ìjùmú, Búnú, èyí tó bá gbọ́) kó tó tẹ̀ka. Kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó kọ ìwé náà wà lórí rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n kà á, wọ́n túmọ̀ rẹ̀, ó sì yé e. Òfin fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ìwé tó dára gan-an tí ilé ẹjọ́ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí pé kò sí gbólóhùn kékeré yẹn lábẹ́ àmì àtàǹpàkò.

6. Ẹ pe awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ.
Ẹ bi í ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, àjọ tó ń forúkọ àwọn awọnlẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó máa ri òpó kọnkéré sí igun kọ̀ọ̀kan, ó sì máa yà á sórí ìwé. Ẹ rí i dájú pé ó fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Ìwé tí kò dé ibẹ̀ kò tíì parí. Kí àwọn tó pààlà pẹ̀lú yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá ń ri òpó. Òpó tí wọ́n rì ní kọ̀rọ̀, lóru ni wọ́n ń hú u.

7. Ẹ gba ìfọwọ́sí àti ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀.
Òfin 1978 sọ pé ilẹ̀ ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìsí ìfọwọ́sí ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ mú ìwé ìpàdé, ìwé ìtọrẹ, àwòrán awọnlẹ̀ àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ lọ. Gbogbo owó tí ẹ bá san, ẹ gba rìsíìtì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́rin ó kéré tán: ọ̀kan fún ẹbí, ọ̀kan fún ààfin, ọ̀kan fún lọ́yà, ọ̀kan nínú àpótí ẹgbẹ́. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ sórí fóònù ènìyàn mẹ́ta.

Irú ẹgbẹ́ wo ni kí ó ni ilẹ̀?

*Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.* Bí iṣẹ́ ajé ló kó yín jọ, bíi gàrí, kajú, epo tàbí ìrẹsì, èyí ló bá yín mu. Ẹni 10 tó láti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń forúkọ wọn sílẹ̀ nípasẹ̀ ẹ̀ka alájẹṣẹ́kù, òṣìṣẹ́ wọn sì máa ń wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Ó rọrùn, owó rẹ̀ kò pọ̀, òfin sì gbà pé ó lè ní ilẹ̀.

*Incorporated Trustees lọ́dọ̀ CAC.* CAC ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀; Incorporated Trustees ni ẹgbẹ́ tí àwọn olùtọ́jú ń di ohun ìní rẹ̀ mú. Èyí ni fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, fún ilé ìwòsàn, gbọ̀ngàn, ilé ìkàwé. Ẹ ó yan olùtọ́jú méjì ó kéré tán (mo máa ń ní kí wọ́n yan márùn-ún), ẹ ó kọ òfin ẹgbẹ́, ẹ ó sì polówó nínú ìwé ìròyìn méjì kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó náwó ju alájẹṣẹ́kù lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa fi ìròyìn ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí CAC lọ́dọọdún. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í kú, kì í sì í ní àrólé. Alága lè kú lónìí, ilẹ̀ kò ní bọ́ sí ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

*Bí ẹ kò bá tíì lówó fún èyíkéyìí.* Ẹ má jókòó. Ẹ ṣe ìwé àdéhùn láàárín ẹbí àti ènìyàn márùn-ún tí ẹ yàn láti inú agbolé tó yàtọ̀ síra, kí ìwé náà sọ gbangba pé wọ́n ń di ilẹ̀ mú fún ẹgbẹ́, pé wọn yóò sì gbé e fún ẹgbẹ́ ní kété tó bá ti forúkọ sílẹ̀. Àtìlẹyìn ìgbà díẹ̀ ni o. Ẹ má sọ ọ́ di ibùgbé.

Èyí tí mo kọ̀ pátápátá ni kí wọ́n fi ilẹ̀ sí orúkọ olóṣèlú tó fẹ́ gbẹ́ kànga, tàbí ti àlùfáà, tàbí ti ọmọ ìlú tó lówó jù. Inú rere wọn kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ikú wọn ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń wá ìrànwọ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti itòsí. Ọ́fíìsì ADP Kogi (àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀) fún ẹkùn wa wà ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Kí ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ níbẹ̀ kí ètò kankan tó dé, nítorí ìwé tó wà nílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ètò ìrànwọ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fadama ti kọjá ní ìpínlẹ̀ wa. Ètò VCDP, ti ìrẹsì àti ẹ̀gẹ́, tí IFAD (àjọ àgbáyé tó ń fi owó ran iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́) ràn lọ́wọ́, náà dé. Ẹgbẹ́ tó ti wà létòlétò ló rí nǹkan gbà nínú wọn. Ẹ tún bi àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kábà léèrè. Wọ́n lè bá yín yẹ ilẹ̀ wò.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè:

- ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti òfin ẹgbẹ́;
- ìwé ilẹ̀ lórúkọ ẹgbẹ́;
- àkáùntì báńkì tí ènìyàn mẹ́ta ń fọwọ́ sí, tí obìnrin wà nínú wọn, tí wọn kì í ṣe ará ilé kan náà;
- ìwé ìpàdé oṣù mẹ́fà sẹ́yìn;
- ìpín tiyín nínú iṣẹ́ náà.

Nípa ìpín yìí, ẹ má tijú bí kò bá sí owó. Yanrìn tí ẹ kó, òkúta tí ẹ fọ́, ọjọ́ tí ẹ fi ṣiṣẹ́ ọ̀wẹ̀, gbogbo rẹ̀ lówó lórí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́: ẹni mélòó, wákàtí mélòó. Ẹgbẹ́ kan ní Yàgbà ṣe é sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé ìwé, pẹ̀lú bírò pupa, àwọn tó wá wò ó sì gbà á láìjanpata.

Bí awakùsà tàbí ìjọba bá dé

Lápá Ìsánlú àti káàkiri Yàgbà, ọ̀rọ̀ yìí ti dé ẹnu ọ̀nà. Góòlù àti gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Àmọ́ Òfin Ìwakùsà 2007, abala 116, sọ pé ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ láti wakùsà gbọ́dọ̀ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ, iṣẹ́, ọ̀nà, ìrànwọ́ fún oníṣẹ́ ọwọ́ àti fún ọjà irè oko, gbogbo rẹ̀ lè wà nínú rẹ̀. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tún un yẹ̀ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àpò owó wá fún olú ìlú lóru, ẹ béèrè àdéhùn yẹn lọ́sàn-án gangan.

Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ọ̀nà tàbí nǹkan mìíràn, owó irè oko, igi àti ilé ni òfin ní kí wọ́n san. Ilẹ̀ lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú nǹkan wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ka igi. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ìlú, gómìnà lè ní kí wọ́n san owó náà fún ìlú, tàbí fún olórí ìlú kó lò ó fún gbogbo wọn, tàbí sínú àpò kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Ẹ ti ṣí àkáùntì ìlú sílẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú lẹ́tà tí ẹ bá kọ sí wọn.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Wọ́n kọ́ ilé tán kí wọ́n tó wá ìwé. Ilé tó dúró ló ń mú kí ilẹ̀ wọ ọmọ onílẹ̀ lójú.
- Wọ́n ra fọ́ọ̀mù àdéhùn lọ́jà, wọ́n fi orúkọ sí i. Ìwé "rírà" kò bá ìtọrẹ mu.
- Ẹbí méjì ń jà, ẹgbẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ìjà parí ná, tàbí kí ẹ wá ibòmíràn.
- Wọn kò bá àwọn darandaran tó ń gba ibẹ̀ kọjá sọ̀rọ̀. Ẹ lọ bá olórí wọn kí ẹ tó ṣe ọgbà yí i ká.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ wo èyí

- Ǹjẹ́ olórí ẹbí àti gbogbo àgbà ẹ̀ka wà níbí?
- Ǹjẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lórí ìwé, tàbí orúkọ ènìyàn?
- Ǹjẹ́ àwọn tó pààlà pẹ̀lú wa ti rí òpó?
- Ǹjẹ́ wọ́n ti kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé, wọ́n sì ti kọ ọ́ pé wọ́n kà á?
- Ǹjẹ́ àkọ́bí ẹni tó fún wa nílẹ̀ wà níbí? Bí kò bá sí, ẹ sún ọjọ́ síwájú kí ẹ pè é wá. Níbi ẹ̀rọ gàrí tiwa, ọmọ tó ti ilẹ̀kùn yẹn ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ lórí ìwé tuntun, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ pé kí wọ́n kọ orúkọ bàbá òun sára ògiri.